Ẹ Ṣí Inú Ẹ̀ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó: Ìbéèrè Yín Lórí Píánò Upright

Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ o, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì dá lórí píánò, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní upright, ìyẹn èyí tó máa ń dúró ṣánṣán mọ́ ara ògiri bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí wáyà inú ẹ̀ náà wà lóòró, kì í ṣe bíi ti grand tó tẹ́ gbalaja sílẹ̀. Mo mú mẹ́rin dáhùn. Ti ẹni àkọ́kọ́ ló máa gùn jù, ẹ má bínú sí mi, irú kòtò tí wọ́n fẹ́ kó sí yẹn lèmi náà ti kó sí rí, n ò sì tíì gbàgbé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń kọ́ píánò fún ọdún méjì lórí kíbọ́ọ̀dù kékeré tó ní kíì 61. Tíṣà ẹ̀ wá ní ó ti tó àsìkò ká ra píánò gidi fún un. Mo ti rí upright àlòkù kan, ó dúdú, ó ń dán gbinrin, ẹni tó ń tà á sì ní àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ọkọ mi ní ká kàn ra èyí tó ń lo iná jàre, pé upright á gbàyè mọ́ wa lọ́wọ́, owó tíúnà, ìyẹn ẹni tó ń tún ohùn wáyà ẹ̀ ṣe, ò sì ní tán láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni upright fi dáa, kí ló fi kù díẹ̀ káàtó, ká má lọ fowó wa ṣòfò? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o ma. Bàbá wọn ò parọ́ rárá, upright ń gbàyè, ó sì ń jẹ owó tíúnì, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká jọ wo ìdajì tó kù.

Pákó àti wáyà ló ń kọrin nínú upright, kì í ṣe sípíkà. Kíì 88 ló wà lórí ẹ̀, funfun 52, dúdú 36. Tí ọmọ bá tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré kan tí wọ́n fi felt wé lórí (felt yẹn dà bí aṣọ òtútù tó ki gan-an) á sáré lọ gbá wáyà, wáyà á gbọ̀n, pákó ńlá tó wà lẹ́yìn á gba gbígbọ̀n yẹn, á sọ ọ́ di ohùn tó kún inú ilé. Bí ọmọ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa dá a lóhùn. Tó bá rọra tẹ̀ ẹ́ á sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tó bá fagbára gbá a á pariwo, àárín méjèèjì sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi débi pé ìka ọmọ á máa kọ́ nǹkan tí tíṣà gan-an ò tíì dárúkọ fún un. Kíbọ́ọ̀dù kíì 61 tí kò ní ìwúwo kankan lábẹ́ ìka ò lè kọ́ ọ nírú ẹ̀, bó ti wù kó fi ṣe é tó.

Ẹ dán eléyìí wò níbi tẹ́ ẹ bá ti lọ wò ó. Ẹ rọra tẹ C àárín sílẹ̀ (kíì funfun tó wà lápá òsì kíì dúdú méjì tó wà pọ̀ láàárín píánò), pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, débi tí kò ní dún rárá, ẹ dì í mú síbẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ kejì gbá C tó tẹ̀lé e lápá òsì, kíá, kẹ́ ẹ sì yọwọ́. C tẹ́ ẹ gbá yẹn á ti dákẹ́, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó ń kọrin lọ fúnra ẹ̀. C àárín tẹ́ ẹ dì mú nìyẹn o, ẹnikẹ́ni ò gbá a, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbọ́ tó ń jẹ́. Nǹkan téèyàn ń náwó lé lórí nínú upright gan-an nìyẹn. Píánò oníná tó dáa náà ń ṣe irú ẹ̀, ká sòótọ́, àwọn kan tiẹ̀ ṣe é débi pé ó lè tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n inú sípíkà ló ti ń wá, kì í ṣe ara pákó téèyàn ń gbọ́ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka.

Ti àyè, kò fi bẹ́ẹ̀ burú tó bí wọ́n ṣe rò ó. Fífẹ̀ ẹ̀ bíi mítà kan ààbọ̀ ni, ó máa yọ síta lára ògiri ní nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wá fi ibi ìjókòó kún un. Ó sì tún ń pẹ́ láyé. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú lè lo ọdún 50 kó tún máa lọ, ohun tó bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, pákó ni, wáyà ni, felt ni, ẹni tó mọṣẹ́ á tún un ṣe. Píánò oníná ńkọ́? Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ bá jó, tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ò sì ṣe pààtì ẹ̀ mọ́, ó di tábìlì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àléébù. Upright wúwo, 200 sí 300 kílò ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló sì wúwo jù torí ibẹ̀ ni férémù irin wà, nítorí náà ẹ̀yìn ló máa ń fẹ́ wó sí tí wọ́n bá ń gbé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ilé lọ́dọọdún, ẹ ronú dáadáa. Kò sì ní ibi téèyàn ti ń yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ tí wọ́n bá ń sùn nínú ilé.

Ti tíúnì wá ńkọ́? Wáyà inú ẹ̀ tó bíi 230, wọ́n fà wọ́n le koránkorán, tẹ́ ẹ bá ṣírò agbára tí gbogbo wọn jọ fi ń fà á, ó wà láàárín tọ́ọ̀nù 15 sí 20. Ìdí tí wọ́n fi gbé irin sínú ẹ̀ nìyẹn, pákó lásán ò lè gbà á. Nǹkan tí wọ́n bá fà tó bẹ́ẹ̀ ò lè jókòó sójú kan. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, pákó ẹ̀yìn á wú, á ti wáyà síta, ohùn á gòkè, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, pákó á sún kì, ohùn á jábọ́. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ká ní ẹ máa pe tíúnà, tó bá jẹ́ tuntun látilé iṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ torí wáyà tuntun ṣì ń nà. Ẹ ka owó yẹn mọ́ owó píánò látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ra mọ́tò ṣe ń ka owó epo mọ́ ọn.

Tóò, gbogbo eléyìí ni wọ́n máa ń sọ fún èèyàn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé àléébù tó ń dá gbèsè sí èèyàn lọ́rùn kì í ṣe ti upright lápapọ̀, ti ẹyọ kan tó wà níwájú yín yẹn ni, inú ẹ̀ ló sì fara pamọ́ sí, kò sí lára kíkùn tó ń dán.

Ìgbà tí mo ra tèmi, ara ẹ̀ ló tàn mí. Igi pupa dídán, nǹkan ìgbé-àbẹ́là-sí méjì tí wọ́n fi bàbà ṣe wà níwájú ẹ̀, mo jókòó, mo ta orin kan tó mọ́ mi lọ́wọ́, ó dún, mo sanwó. N ò mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tíúnì ẹ̀ dè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì pé tó fi ń dún bí agogo tó sán. Mo bá pe tíúnà, bàbá àgbàlagbà kan báyìí. Wọ́n gbé ìdérí òkè, wọ́n ki irin tí wọ́n fi ń yí píìnì (irin kékeré tí wáyà wé mọ́) bọ orí ọ̀kan, ìka méjì péré ni wọ́n fi tì í, píìnì ọ̀hún yí wọ́ọ́ bí ìdérí ìgò. Wọ́n yọwọ́. Píìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, a sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí oorun ń gbé lọ. Bàbá wojú mi, wọ́n ní, “Ta ló bá ẹ wò ó kó o tó rà á?” Mo ní èmi fúnra mi ni. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọn ò sọ nǹkan míì, wọ́n ń kó irinṣẹ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé píìnì tí wáyà rọ̀ mọ́, inú pákó líle kan tó nípọn ni wọ́n gbá a bọ̀, àwọn tíúnà ń pè é ní pinblock. Kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí gúlúù, bí pákó yẹn ṣe fún un mọ́ra nìkan ló dì í mú. Tí pákó bá ti gbẹ jù, tó ti sán, tàbí tí ihò ẹ̀ ti fẹ̀, kò sí tíúnà láyé yìí tó lè jẹ́ kí ohùn dúró. Nígbà míì wọ́n lè fi píìnì tó sanra jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò, àmọ́ tó bá jẹ́ pákó gan-an ni wọ́n máa pààrọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ lè ju iye tẹ́ ẹ ra píánò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé owó tíúnà lẹ kọ́kọ́ máa san, kẹ́ ẹ tó san owó píánò. Kó má sì jẹ́ tíúnà tí ẹni tó ń tà á bá yín pè o! Ẹ wá tiyín.

Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó pe tíúnà, ẹ̀yin fúnra yín lè fojú yọ èyí tó ti kú tán. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí òkè, kí wọ́n sì yọ pákó tó wà nísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, sípíríìnì kékeré kan ló sábà máa ń dì í mú, kì í pẹ́ yọ. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ká má ṣí i, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ tan iná sí orí àwọn òòlù: ẹ máa rí ìlà níbi tí wáyà ti ń gé wọn lójú, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan, tó bá ti jìn wọnú bí ojú ọ̀nà tí táyà ọkọ̀ là nígbà òjò, felt ẹ̀ ti fẹ́ tán nìyẹn. Ẹ wo wáyà bóyá ìpẹtà ti bò ó, pàápàá níbi tó ti wé mọ́ píìnì. Ẹ wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ felt, bóyá ìgbẹ́ eku wà nísàlẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, eku fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Kí wọ́n fà á kúrò lára ògiri kẹ́ ẹ wo pákó ohùn lẹ́yìn. Tó bá sán díẹ̀, kì í ṣe òpin ayé, ọ̀pọ̀ píánò tó sán lẹ́yìn ló ṣì ń kọrin dáadáa, àfi tó bá ń dún bí ike tó ń gbọ̀n tẹ́ ẹ bá ń tẹ kíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tẹ kíì 88 náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún. Mo mọ̀ pé ojú máa ti yín, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tètè padà sókè, èyí tó ń dún bí igi lu igi, èyí tí ohùn ẹ̀ ò kú nígbà tẹ́ ẹ yọwọ́, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi áàpù tíúnà sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ tẹ A tó wà lápá ọ̀tún C àárín (kíì funfun kẹfà, tẹ́ ẹ bá ka C fúnra ẹ̀ mọ́ ọn), 440 ló yẹ kó kà, ìyẹn iye ìgbà tí wáyà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ń kà nǹkan bíi 415, ó ti fi ìdajì ìró kan lọ sílẹ̀, bí ẹni pé kíì tó tẹ̀lé e lápá òsì lẹ tẹ̀, á jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án, gbígbé e padà sókè ò sì ní jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ “a ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó” yẹn. Kì í ṣe oríkì o, ma. Ẹni tí kò lo píánò kì í pe tíúnà. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ fún mi pé ọmọ mẹ́ta ló ti fi kọ́ṣẹ́ àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni tíúnà ń wá, kí wọ́n sì fi rìsíìtì ẹ̀ hàn mí.

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni yín: tí tíúnà bá ní píìnì ẹ̀ le, òòlù ẹ̀ ṣì ní ẹran lára, ẹ rà á fún ọmọ yẹn, bàbá wọn á gbàgbé ọ̀rọ̀ àyè tọ́mọ bá ti ń ta á. Tí tíúnà bá mi orí, ẹ má jẹ́ kí dídán ẹ̀ pè yín padà, ẹ ra oníná tó ní kíì 88 tó wúwo lábẹ́ ìka, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀, ó sàn fíìfíì ju upright tó ti kú lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń múra ìdánwò píánò tó ga díẹ̀, upright ni mo sì lè rà, agbára mi ò ká grand. Méjì ni mo rí: tuntun kan tó ga ní 109 sẹ̀ǹtímítà, àti àlòkù kan tó ga ní 131. Tuntun yẹn wù mí o. Ọ̀rẹ́ mi kan tún wá ní kò sí èyí tó máa gbà mí nínú méjèèjì, pé upright ò lè sáré. Ṣé òótọ́ ni? (Olùdánwò)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Píánò àkọ́kọ́ tí Bartolomeo Cristofori ṣe ní Florence nílẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1700, ó tẹ́ sílẹ̀ bíi grand ni, òòlù ẹ̀ ń fò sókè, ìwúwo ara ẹ̀ ló sì ń dá a padà. Ìgbà tó di 1800 ni John Isaac Hawkins ní Philadelphia àti Matthias Müller ní Vienna, kálukú níbi tó wà, ṣe upright tó dúró sórí ilẹ̀ bíi tòní, kí píánò lè wọ yàrá tí kò tóbi. Àmọ́ tó o bá gbé wáyà dúró lóòró, òòlù ò ní fò sókè mọ́, iwájú ló máa lọ, kò sì sí ìwúwo tó máa fà á padà, sípíríìnì àti okùn kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní 1821, wọ́n wá gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí Sébastien Érard ṣe fún grand tó jẹ́ kéèyàn lè tún kíì kan tẹ̀ kó tó padà dókè tán. Upright lásán ò ní i. Lórí upright, kíì ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé òkè pátápátá kó tó lè tún dún.

Wá jókòó sídìí méjèèjì, mú kíì kan láàárín, fi ìka kẹta, ìkejì, àtàǹpàkò gbá a léraléra bó o bá ṣe lè yára tó, kó o wo ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn mì. Upright tí wọ́n tún inú ẹ̀ ṣe dáadáa á sáré ju bí ọ̀rẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ìyára tí orin ìdánwò ń béèrè, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ṣeé ta lórí ẹ̀. Ohun tó lè dà ọ́ láàmú lọ́jọ́ ìdánwò tí wọ́n bá gbé ẹ síwájú grand ni pẹ́dálì òsì. Lórí grand, pẹ́dálì yẹn ń sún gbogbo kíì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òòlù má baà kan gbogbo wáyà, àwọ̀ ohùn ẹ̀ á yí padà. Lórí upright, òòlù ló kàn ń sún mọ́ wáyà kó má lè gbá a le, ohùn á kéré, àwọ̀ ẹ̀ ò yí. Nítorí náà wá grand kan tó o lè máa lọ fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán ní oṣù tó ṣáájú ìdánwò.

Láàárín 109 àti 131, èmi á mú 131, tíúnà bá ti fọwọ́ sí i. Wáyà tó gùn ló ń fún ohùn ìsàlẹ̀ ní ìdúró. Tí àpótí bá kúrú, wáyà báàsì ò ní àyè láti gùn, wọ́n á wá jẹ́ kí òun àti bàbà tí wọ́n ń wé mọ́ ọn sanra sí i kó lè dún sílẹ̀, ó sì máa le gbagidi, wáyà tó bá sì le jù, àwọn ohùn kéékèèké tó ń bá ohùn ẹ̀ rìn kì í bọ́ sójú ibi tó yẹ. Gbá kíì mẹ́ta àkọ́kọ́ lápá òsì lórí tuntun yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o gbìyànjú àtifi ẹnu kọ ohùn tó o gbọ́. Tí o ò bá lè mú un, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Pákó ohùn 131 náà tún fẹ̀ ju ti 109 lọ. Tuntun ní tiẹ̀, wàhálà inú ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó sì ní wáráńtì, mi ò ní bá ẹ jà tó o bá mú un.

Ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ bá rí èyí tó kúrú ju 100 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí wọ́n ń pè ní spinet, ẹ rọra o. Ẹ̀rọ òòlù ẹ̀ wà nísàlẹ̀ kíì, wáyà tàbí igi kékeré ló ń fà á, kí tíúnà tó lè yọ ọ́ síta fún àtúnṣe á ti láàgùn, àwọn míì kì í tiẹ̀ gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí ìyá mi àgbà fẹ́ fún mi ní píánò ilé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní eyín erin ni kíì ẹ̀. Kí n lọ gbé e? (Ọlọ́fẹ̀ẹ́)

ÌDÁHÙN: Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Owó àwọn tó máa gbé e, owó tíúnà, owó tẹ́ ẹ máa tún san fún ẹni tó máa bá yín gbé e jù nù tí kò bá ṣeé lò, ta ló máa san án?

Ẹ kọ́kọ́ ṣí òkè ẹ̀. Tí gbogbo wáyà ẹ̀ bá dúró lójú kan náà, tí ti báàsì ò kọjá lórí ìyókù ní ìdàbùú, ti àtijọ́ ni, wáyà báàsì ẹ̀ kúrú ju bó ṣe yẹ fún gíga ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá tún rí wáyà tín-ín-rín tó tò ṣágiṣàgi níwájú àwọn òòlù bí ilé ẹyẹ, ohun tó ń pa ohùn lẹ́nu mọ́ ló wà lókè òòlù níbẹ̀, kì í pa á dáadáa, ọ̀pọ̀ tíúnà kì í sì fẹ́ rí i sójú. Méjèèjì pọ̀ nínú upright tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ti eyín erin, ẹ wo kíì funfun kan súnmọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dábùú ẹ̀, níbi tí apá tó fẹ̀ níwájú ti pàdé apá tó tín-ín-rín láàárín kíì dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eyín erin lóòótọ́, torí ègé méjì ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ pọ̀. Kò sọ píánò di olówó iyebíye o. Ohun tó ń fà ni wàhálà ìwé àṣẹ: ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó lè kú run, fẹnu kò láti fòfin de òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè síra wọn, nítorí náà ẹ má gbé e kọjá ibodè kankan láìjẹ́ pé ẹ ti béèrè ohun tí òfin wí.

Tí A ẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, tí wáyà ẹ̀ sì ti pẹtà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fagbára gbé e padà sí 440 lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á máa já pàà-pàà. Àwọn tíúnà kan máa ń fi sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n á kàn jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ bá ara wọn mu. Tó bá jẹ́ ìfẹ́ àǹtí lẹ fi fẹ́ ẹ, tẹ́ ẹ sì láyè, ẹ lọ gbé e. Tó bá jẹ́ torí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn tó wà ní yàrá kejì ti ń kan ògiri mọ́ mi lálaalẹ́. Mo gbọ́ pé pẹ́dálì àárín lórí upright ń pa ohùn, ṣé ó tó? Ṣé mo lè fi íápíìsì sí i? (Adáralálẹ́)

ÌDÁHÙN: Lórí ọ̀pọ̀ upright, tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dálì àárín sílẹ̀, aṣọ felt tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sọ̀kalẹ̀ sáàárín òòlù àti wáyà, ohùn á wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ń dín ariwo kù gan-an, àmọ́ kò ní pa á pátápátá, ìka ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn mọ́, ẹ má fi ṣe gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń ta á. Kì í sì í ṣe gbogbo píánò ló ní i, lórí àwọn míì ohùn báàsì nìkan ni pẹ́dálì àárín ń jẹ́ kó máa lọ, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á.

Íápíìsì wà fún èyí tí wọ́n ń pè ní silent. Irin kan ló ń dá òòlù dúró kó má kan wáyà, sẹ́ńsọ̀ á máa ka bí kíì ṣe ń lọ, ohùn á wá gba inú ẹ̀rọ sí etí yín. Ó dáa, ó wọ́n, apá tó ń lo iná nínú ẹ̀ náà sì lè di ti àtijọ́ bíi ti kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ̀yìn upright ni pákó ohùn ẹ̀ wà, tó bá jẹ́ pé ògiri tí ẹ̀yin àtàwọn jọ pín lẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ tì, inú yàrá wọn lẹ ti ń ta á. Ẹ gbé e lọ sára ògiri míì nínú ilé, kó má jẹ́ èyí tí oòrùn ń ràn sí tàbí tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí, kẹ́ ẹ fà á kúrò lára ògiri díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ta kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sábẹ́ ẹ̀ torí gbígbọ̀n ẹ̀ tún ń gba ilẹ̀ kọjá. Ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé o, ẹ má fi táyà kéékèèké abẹ́ ẹ̀ yẹn tì í, ó ń fi àpá sílẹ̀, nígbà míì ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ ló máa ṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó bá ti mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lára, ẹ pe tíúnà.